Àwòrán Àyà Ẹ̀gbọ́n Mi

Mi ò fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé ohun tí a kò bá tíì wò kò tíì ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ físíìsì ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ kíláàsì mi a sì máa fi ọ̀rọ̀ yẹn dápàárá nígbàkigbà tí a bá dé orí ẹlẹ́kítíróònù. Ọ̀kan nínú wọn yóò ní, "Sà, bí ẹ ò bá tíì wo ìwé ìdánwò mi, mi ò tíì féèlì." Gbogbo kíláàsì a bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ̀ mí sí onínúfùfù, wọ́n sì rò pé ìwà náà ló tún dé. Wọn ò mọ̀ pé inú ilé wa ní Iléṣà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà tí kò fi dápàárá rárá, àti pé ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bá a lọ.

Kí òmìnira tó dé ni. Mo ti wà ní kíláàsì òkè ní ilé ẹ̀kọ́ wa nígbà náà, a sì ní olùkọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin, ọmọ Ìdó-Ọ̀ṣun, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ gíga ní Ìbàdàn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kì í sì í purọ́. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àìpurọ́ rẹ̀ náà wà nínú ohun tó dùn mí jù. Lọ́jọ́ kan ó gbé àtùpà onísípíríìtì wá sí kíláàsì. Bó ti ń ṣáná sí i, ó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. A ní kó máa ṣáná rẹ̀ lọ, pé àwọn ará Ìdó-Ọ̀ṣun kò tíì rí èyí tí wọ́n ń mú roko rárá. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá fi ẹnu wáyà kan tó ti kì bọ iyọ̀ sínú iná náà. Iná yẹn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹyin ẹyẹ etù tí a fọ́. Ó tún un ṣe, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kò sí ilẹ̀ ibi tí a ti lè dáná sun iyọ̀ kí àwọ̀ yẹn má jáde.

Ó wá sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ó ní nínú átọ̀mù kọ̀ọ̀kan, ẹlẹ́kítíróònù wà bí ẹni tó gun àkàsọ̀ láti ká obì. Ẹsẹ̀ ẹni náà lè wà lórí ìgbésẹ̀ kìíní, ó lè wà lórí ìkejì, ṣùgbọ́n kò lè dúró sórí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín méjèèjì. Bó bá ti òkè bọ́ sí ìsàlẹ̀, ohun tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀. Nítorí pé ìgbésẹ̀ àkàsọ̀ náà kì í yí padà ni àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í fi í yí padà. Ó ní ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣàn bí omi, ẹyọ ẹyọ ló ń wá bí àgbàdo tí a ń fọ́n sílẹ̀ fún adìẹ. Inú ìmọ̀ yìí, ó ní, ni a ti mọ bí ẹ́síréè tó wà ní ilé ìwòsàn ṣe ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló sọ èyí tó kó bá wa. Ó ní kí a tó wo ẹlẹ́kítíróònù, kì í ṣe pé ó fara pamọ́ síbì kan tí a kò mọ̀, òun gan-an ni kò tíì gba ibì kan. A kò lè wo nǹkan láìjẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ kàn án, ohun tó sì kéré tó bẹ́ẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn án, kò ní rí bí ó ti rí mọ́. Gbogbo ohun tí a lè sọ ṣáájú ni pé ó ṣeé ṣe kí a bá a níhìn-ín ju ọ̀hún lọ. Bí wọ́n bá pọ̀, a lè sọ ohun tí ọ̀pọ̀ wọn yóò ṣe, a kò lè sọ ti ẹyọ kan ṣoṣo. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ní orí ń fọ́ àwọn. Ní tèmi, inú mi dùn débi pé n kò lè dúró kí n tó délé sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Àwa méjì náà ni ìyá wa bí tó yè. Òun ló kọ́ mi ní ìwé kíkà kí n tó mọ ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, òun náà ló sì máa ń fi ẹnu Ìjẹ̀ṣà pè mí ní "Tíṣà ulé", olùkọ́ inú ilé, nígbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ó sì máa ń wálé ní ọjọ́ Ẹtì. Ọkùnrin kan láti Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo, akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ réluwéè, ti fẹ́ fi í ṣaya. Ọkùnrin náà ṣe jẹ́jẹ́, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó kù kò ju kí àwọn ẹbí rẹ̀ ṣe ìwádìí.

Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ wa mọ bí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí. Wọn kì í kan ilẹ̀kùn sọ pé àwọn wá wádìí. Obìnrin kan yóò kàn wá ra obì, yóò bèèrè omi mu, yóò jókòó pẹ́. Òmíràn yóò yà sọ́dọ̀ aládùúgbò. Wọ́n ń wá wèrè, wọ́n ń wá ẹ̀tẹ̀, wọ́n ń wá wárápá, wọ́n sì ń wá ikọ́ ife. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan nínú ẹbí, ìfẹ́sọ́nà náà tán nìyẹn, ilẹ̀kùn ìgbéyàwó yóò sì ti mọ́ gbogbo ọmọbìnrin tó bá kù níbẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ ọdún yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọyẹ́ a máa mú ènìyàn wúkọ́, a kò kà á sí. Ọyẹ́ lọ, ikọ́ kò lọ. Ó ń rù, aṣọ rẹ̀ ń tú lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ìyá mi ń bá a fọ aṣọ, ó sì bá ẹ̀jẹ̀ lára áńkáṣífù. Kò pariwo. Ó ká a sínú ọwọ́, ó wọlé tọ bàbá mi lọ, ó ní kí àwọn gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì kí wọ́n fi ẹ́síréè wo àyà rẹ̀. Ilé ìwòsàn náà kò jìnnà sí wa, a máa ń gbọ́ agogo wọn láti ẹ̀yìnkùlé.

Bàbá mi kọ̀. Àgbẹ̀ kòkó àti obì ni, alàgbà nínú ìjọ, kì í ṣe òǹrorò. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ yìí ju èmi lọ, mo sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó ní ìdajì àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn yẹn ló jẹ́ ará ìjọ wa, ìdajì tó kù sì ní ìyekan ní Òṣogbo. Àwòrán tí wọ́n bá yà, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò wà. Ó ní bí ẹnikẹ́ni kò bá yà á, ikọ́ ọyẹ́ ni, bí wọ́n bá yà á, ó ti di ikọ́ ife nìyẹn. Kí wọ́n ṣègbéyàwó ná, kí ọkọ rẹ̀ wá gbé e lọ síbi tó bá fẹ́.

Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn fà yìí kò tíì yé mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ ẹlẹ́kítíróònù lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu nítorí ikọ́. Nígbà tí mo sọ pé kí a tó wò ó, òun gan-an kò tíì gba ibì kan, bàbá mi gbójú sókè. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó bi mí pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀, mo ní olùkọ́ wa ni, pé inú ìwé àwọn òyìnbó ló ti kà á. Ó mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ka ẹsẹ Bíbélì kan fún tó bá ipò rẹ̀ mu.

Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà di tirẹ̀. Bí ìyá mi bá dárúkọ ilé ìwòsàn, yóò ní àwọn òyìnbó fúnra wọn mọ̀ pé wíwò ló ń sọ nǹkan di ohun tó jẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ìyá mi ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

"Ta ló sọ fún ọ pé ìrókò ni?" ni bàbá mi dá a lóhùn.

Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ áńkáṣífù náà ti hàn sí mi, nítorí ìyá mi kò lè pa á mọ́ mọ́. Mo fò dìde. Mo ní ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe ẹlẹ́kítíróònù. Mo ní ohun tó kéré ju gbogbo ohun kékeré lọ ni olùkọ́ wa ń sọ, ohun tó bá sì ti tó nǹkan, tí afẹ́fẹ́ ń kàn, tí ìmọ́lẹ̀ ń kàn, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, ayé ti wò ó tán kí dókítà tó dé ìdí rẹ̀. Bàbá mi jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó wá ní èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ wálé, nígbà tí kò bá mi lára mu ni mo fẹ́ gbà á padà, pé ẹnu àgbà lobì í gbó sí. Mo jáde lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi níbẹ̀. Mo bi í pé ṣé kò lè dá lọ ni, ṣebí òun náà ń gba owó oṣù. Ó ní òun fẹ́ mọ̀, ṣùgbọ́n òun fẹ́ ọkọ òun pẹ̀lú, òun kò sì rí bí òun yóò ṣe rí méjèèjì gbà. Bí òun bá lọ lẹ́yìn bàbá, tí ìgbéyàwó náà sì bàjẹ́, òun kò ní lè wo ojú bàbá mọ́. Ó ní kí n bá òun wá ẹni tí bàbá yóò gbọ́ tirẹ̀.

Olùkọ́ mi ló wá sí mi lọ́kàn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní òun yóò wá fúnra òun. Ó wá lóòótọ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, bàbá mi fún un ní àga, ó gbé obì kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Olùkọ́ mi ní ìlera ẹ̀gbọ́n mi ló gbé òun wá. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi bi í pé ọmọ ibo ni. Ó ní Ìdó-Ọ̀ṣun ni. Mo rí i bí ojú bàbá mi ti yí padà. Ìdó-Ọ̀ṣun kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ sí Òṣogbo, ẹni tó bá sì wá láti apá ibẹ̀ lákòókò yẹn, tó ń bèèrè ìlera ọmọbìnrin wa, kí ni bàbá mi yóò pè é bí kò ṣe ẹni tí wọ́n rán wá ṣe ìwádìí? Kíá ló ti ní kò sí aláìsàn kankan nínú ilé òun.

Olùkọ́ mi kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó rọra ń ṣàlàyé ẹ́síréè. Ó ní ìmọ́lẹ̀ kan ni tí ojú kò rí, pé ẹyọ ẹyọ lòun náà ń wá. Ibi tí ara bá ti rọ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á gbà á kọjá, ibi tí egungun bá wà, tàbí ibi tí àìsàn bá ti mú kó le, ó á dúró, òjìji ohun tó dá a dúró yẹn ni àwòrán ń gbé jáde. Kì í dá àìsàn sílẹ̀, kì í sì í wò ó sàn. Ó ní oògùn ikọ́ ife ti wà báyìí, abẹ́rẹ́ àti oògùn oníhóró, bí a bá tètè dé ibẹ̀. Bàbá mi fetí sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Tíṣà, ṣé òótọ́ ni pé ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kí a tó wo nǹkan, nǹkan ọ̀hún kò tíì gba ibì kan?"

Mo gbójú lé olùkọ́ mi. Mo fẹ́ kó sọ pé rárá. Ó yẹ kó sọ pé rárá. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ti ohun tó kéré púpọ̀ ni o."

"Ẹ ṣeun," ni bàbá mi wí. Ó dìde, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kó bá òun kí àwọn ará ilé. Ìparí rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn tó wá ṣe ìwádìí gan-an dé lẹ́yìn ìyẹn. Obìnrin sísanra kan ló wá ra obì, ó jókòó sí ìloro wa títí oòrùn fi yẹ̀. Bàbá mi ti ní kí ẹ̀gbọ́n mi má ṣe wálé lọ́sẹ̀ náà, kó dúró ní Ìpetu. Obìnrin náà kò gbọ́ ikọ́ kankan, ó lọ pẹ̀lú obì rẹ̀, ìyàwó sì di ti ọkọ. Nínú ìjọ, nígbà tí àlùfáà ń bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá yóò gba ọkùnrin yìí, mo rí i tó ń fi ètè ti ikọ́ mọ́nú títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ènìyàn rò pé ẹkún ayọ̀ ni. Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn.

Òṣogbo ló ń gbé lẹ́yìn náà. Ìròyìn tó ń wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò dára. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kì í lè gba oúnjẹ dúró. Bàbá mi ní bóyá oyún ni. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìdùnnú, ó tilẹ̀ ń wá orúkọ tí yóò sọ ọmọ náà. Ọkọ rẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tó rí ẹ̀jẹ̀, ó gbé e wọ lọ́rì, ó gbé e wá sí ilé ìwòsàn tó wà lẹ́bàá ilé wa gan-an, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n sọ fún un pé ẹ̀rọ tó dára wà. Wọ́n ránṣẹ́ sí wa. Ìyá mi sáré lọ, èmi náà sáré lọ. Bàbá mi bá wa lọ, ṣùgbọ́n kò wọlé, abẹ́ igi tó wà nínú ọgbà ló dúró sí.

Dókítà, òyìnbó kan tó ti gbọ́ Yorùbá díẹ̀, gbé fíìmù náà sí ojú fèrèsé. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń kà á láti ẹnu olùkọ́ mi. Lókè ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, ibi tó yẹ kó dúdú, ó funfun bí kùrukùru, ihò dúdú kan sì wà láàárín funfun náà. Ti òsì náà ti ń bàjẹ́. Dókítà ní ihò yẹn ti pẹ́. Ó ní àwọn yóò fún un ní abẹ́rẹ́, pé bó bá wá ṣáájú kó tó dé apá kejì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ìbá yàtọ̀. Ìyá mi bi í pé ṣé yóò yè. Ó ní nínú ọ̀pọ̀ tó bá rí báyìí, díẹ̀ máa ń yè, òun kò lè sọ ti ẹnì kan. Mo ti gbọ́ irú ìdáhùn yẹn ní kíláàsì, mo sì ti rí i bí ohun tó dùn nígbà náà. Lójú ìyá mi, kò sí ohun tó dùn nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wò ó. Dókítà kò fẹ́, ṣùgbọ́n ó gbé e fún un. Ó wò ó pẹ́, ó ń fi ìka tọ ihò náà. Ó wá yíjú sí mi.

"Gbogbo ìgbà tí ẹ ń jiyàn bóyá ó wà," ó ní, "ó wà níbẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ ló jáde lọ bá bàbá mi lábẹ́ igi. Mo tẹ̀ lé e, mo ń bẹ̀rù pé ìjà ni. Kò jà. Ó dọ̀bálẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àna, ó dìde, ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá ti sọ fún mi, ǹ bá fẹ́ ẹ náà. Ibí ni ǹ bá kọ́kọ́ gbé e wá." Bàbá mi wo ilẹ̀. Ó dùn mí, ó sì tún dùn mọ́ mi, mo sì kórìíra ara mi pé ó dùn mọ́ mi.

Wọ́n gún ẹ̀gbọ́n mi ní abẹ́rẹ́ títí ìdí rẹ̀ fi le bí pákó. Nígbà mìíràn ara rẹ̀ á yá, á ní kí n wá máa ṣàlàyé ẹlẹ́kítíróònù fún òun, Tíṣà ulé. N kò lè ṣe é. Ọyẹ́ tún dé, ó sì kú nínú rẹ̀.

Òkú ọ̀fọ̀ ni, kò sí àríyá, kò sí ìjókòó òkú. Nílẹ̀ wa, òbí kì í sin ọmọ rẹ̀, kì í sì í mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Àwọn àgbà ìdílé ti ìyá mi mọ́ yàrá pẹ̀lú àwọn obìnrin, àwọn mìíràn jókòó ti bàbá mi ní pálọ̀. Ó dìde pé òun ń lọ, òun kàn fẹ́ wo ojú rẹ̀. Wọ́n dì í mú. Ó bẹ̀ wọ́n. N kò rí i kó bẹ ẹnikẹ́ni rí, ó ń bẹ àwọn tí kò tó o lọ́jọ́ orí nínú wọn. Wọ́n ní èèwọ̀ ni. Èmi, ọkọ rẹ̀, àti àwọn ọ̀dọ́ ìjọ la gbé e lọ, a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Nígbà tí a dé, bàbá mi nìkan ló wà ní ìloro. Ó rí erùpẹ̀ pupa lẹ́sẹ̀ mi, ó pè mí.

"O wò ó?" ó ní.

"Mo wò ó, Bàbá."

"O wò ó dáadáa? Ó dá ọ lójú pé òun ni?"

Mo mọ ohun tó ń wá lẹ́nu mi, pé kí n ní kò dá mi lójú. Ọkàn kan nínú mi fẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, àárẹ̀ sì mú mi.

"Ó ti kú, Bàbá. Bí ẹ wò ó, bí ẹ ò wò ó."

Ó mi orí. Ó ní ó dára. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n kàn nawọ́ sí apá ibi tí a gbé e sí, pé òun kò ní lọ síbẹ̀, òun kàn fẹ́ máa kọjú síbẹ̀ ni. Àwọn àgbà ti kìlọ̀ fún mi. N kò nawọ́.